Bí Kámẹ́rà Ṣe Di Adájọ́ Orí Ìlà Òpin Nínú Eré Ìje

Kí kámẹ́rà tó dé, ojú ènìyàn ló ń dá ẹjọ́ eré ìje. Àwọn adájọ́ a tò sórí àkàbà onípele lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà òpin, kí ẹnì kan má baà dí ojú ẹlòmíràn; àwọn kan a máa wo ẹni tó ṣe ipò kìíní nìkan, àwọn mìíràn a máa wo ẹni kejì tàbí ẹni kẹta. Àwọn tí aago wà lọ́wọ́ wọn náà wà níbẹ̀. Èéfín ìbọn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tẹ aago, kì í ṣe ìró rẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè, nítorí pé ìró máa ń lò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó rin mítà 100. Síbẹ̀, ìka ṣì máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn èéfín, nígbà tó jẹ́ pé ní ìparí eré, ẹni tó di aago mú ti ń rí sárésáré bọ̀ láti òkèèrè, ó sì ti múra sílẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí aago ọwọ́ fi máa ń jẹ́ kí eré dà bí ẹni pé ó yá ju bó ṣe yá gan-an lọ.

Níbi Òlíńpíìkì Los Angeles ní ọdún 1932, ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Eddie Tolan àti Ralph Metcalfe, jọ dé òpin mítà 100, aago àwọn méjèèjì sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10.3. Fíìmù ni àwọn adájọ́ padà lọ wò kí wọ́n tó gbé góòlù fún Tolan. Ṣùgbọ́n fíìmù lásán ní àléébù tirẹ̀, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ya àwòrán. Bí ó bá ya àwòrán 24 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó ń sá mítà 10 láàrin àkókò kan náà á ti rìn ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ láàrin àwòrán kan sí èkejì, ó sì lè jẹ́ inú àlàfo yẹn gan-an ni wọ́n ti borí ara wọn.

Orí pápá ìje ẹṣin ni ojútùú ti wá, níbi tí owó tẹ́tẹ́ pọ̀ sí, tí àríyànjiyàn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Lorenzo del Riccio, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá iléeṣẹ́ fíìmù Paramount ṣiṣẹ́, ló ṣe kámẹ́rà kan tí wọ́n lò ní Del Mar ní Kalifóníà ní ọdún 1937. Kámẹ́rà yìí kì í ṣí kó tún pa dé bíi ti àwọn yòókù. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú fíìmù rẹ̀, ihò náà sì dojú kọ ìlà òpin gbọnrangandan, tí kò fi rí ohun mìíràn yàtọ̀ sí ìlà náà. Fíìmù a máa yí kọjá lẹ́yìn ihò láìdúró, nítorí náà gbogbo ohun tó bá kan ìlà ni yóò hàn ní ẹsẹẹsẹ bí ó ṣe ń dé. Àwòrán tó bá jáde jọ fọ́tò lásán, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀: láti ọ̀tún dé òsì rẹ̀, àkókò ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àyè. Ẹsẹ̀ tó bá dúró pẹ́ lórí ìlà á gùn gbọọrọ bíi bàtà òmìrán. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé àwòrán náà bàjẹ́ ni.

Ní London ní ọdún 1948 ni irú kámẹ́rà yìí dé Òlíńpíìkì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọjọ́ kìíní pàá ló ti rí iṣẹ́ ṣe. Harrison Dillard ló mọ ìje àfo-igi-kọjá jù lọ ní ayé nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá igi nígbà ìdíje àṣàyàn ní Amẹ́ríkà, kò sì rí àyè wọlé níbẹ̀. Ipò kẹta nínú mítà 100 ló gbé e dé London. Ìlà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ló ti sáré, lọ́nà jíjìn sí Barney Ewell, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, Ewell bẹ̀rẹ̀ sí í jó, nítorí ó dá a lójú pé òun ló borí. Àwòrán sọ pé Dillard ni. Ewell gbà láìjanpata, ó sì bọ Dillard lọ́wọ́, èyí tí mo kà sí ìwà ọmọlúàbí tó ṣọ̀wọ́n.

Ti Helsinki ní ọdún 1952 le ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Ìdíje yìí kan náà ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ kópa nínú Òlíńpíìkì, Karim Olowu sì wà lára àwọn sárésáré wa.) Lindy Remigino ti Amẹ́ríkà, Herb McKenley ti Jàmáíkà, McDonald Bailey ti Bìrìtéènì àti Dean Smith ti Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ wọlé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni aago ọwọ́ sì fún ní 10.4. Aago kò rí ìyàtọ̀ kankan. Remigino fúnra rẹ̀ gbà pé McKenley ló borí, ó tilẹ̀ lọ kí i kú oríire. Àwòrán ló fi hàn pé èjìká ọ̀tún Remigino ló ṣáájú kan ìlà. Nígbà tí wọ́n ka àkókò láti inú àwòrán náà, ó jẹ́ 10.79, 10.80, 10.83 àti 10.84.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n gba kámẹ́rà gbọ́ lórí ẹni tó borí, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á gbọ́ lórí àkókò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Zürich ní oṣù kẹfà ọdún 1960, Armin Hary ti Jámánì sá 10.0 lórí aago ọwọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó yá jù lágbàáyé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ aago oníná ka 10.25. Ọdún 1977 ni àjọ eré ìdárayá àgbáyé tó pàṣẹ pé láti mítà 100 títí dé 400, àkókò tí ẹ̀rọ kà nìkan ni wọn yóò máa gbà fún àkọsílẹ̀ àgbáyé, wọ́n sì fi 9.95 tí Jim Hines sá ní Mexico City ní ọdún 1968 ṣe ìpìlẹ̀ ti mítà 100.