Bí Ọgbà Ilé-Ìwé Ṣe Ń Di Ẹ̀fọ́ Inú Ìkòkò Nílé

Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà lẹ́yìn kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè bọ́ ọmọ 200. Bí wọ́n bá ká gbogbo ewédú orí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, bóyá ló máa kárí kíláàsì kan. Ẹni tó bá ń fi ìkórè nìkan díwọ̀n irú ọgbà bẹ́ẹ̀ yóò ní kò wúlò. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ọgbà náà sílẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ yẹn mọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí ó sì mú irúgbìn lọ sílé, kí ẹ̀fọ́ lè máa hù níbi tí ìkòkò ọbẹ̀ wà gan-an.

Wọ́n ti rí èyí ní Nepal, orílẹ̀-èdè kan ní Asia. Àwọn olùṣèwádìí World Vegetable Center, ilé-iṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí nípa ẹ̀fọ́, kọ́kọ́ dá ọgbà sí àwọn ilé-ìwé nìkan níbẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀ nípa ẹ̀fọ́ sí i, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń jẹ kò pọ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n kọ́ àwọn òbí náà ní iṣẹ́ ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀fọ́ tí àwọn ọmọ ń jẹ tó lọ sókè. Kò sì yẹ kó yani lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa sè lálẹ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, táàmù kẹta bọ́ sí àárín òjò, ìgbà náà ló sì dára jù láti gbìn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìgbà tí ọgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún wò ni ilé-ìwé ń pa fún ìsinmi gígùn ní oṣù keje, tí igbó á sì ti bo gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ilé gba iṣẹ́ náà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ilé-ìwé tó pa ló yẹ kí wọ́n ti pín irúgbìn ẹ̀fọ́ àti ọmọ ata, ọmọ tòmátì àti ọmọ ìgbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ọmọ tí kòkòrò ń jẹ tirẹ̀ nílé ṣì lè rí olùkọ́ bi léèrè.

Ewédú ni ẹ̀kọ́ tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló máa ń já ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbìn kulẹ̀ jù. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Àwọn àgbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i: wọ́n á di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, wọ́n á tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, wọ́n á ka ení, èjì títí dé márùn-ún, ó pẹ́ tán mẹ́wàá, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì rì í sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti jinná nìyẹn, kò ní hù mọ́. Kí olùkọ́ di omi gbígbóná mú, kí àwọn ọmọ máa kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a síbi òjìji kí ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sì pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù jọ síbì kan nígbà tí wọ́n bá ń fọ́n ọn. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò nílò omi gbígbóná rárá, yanrìn nìkan ló tó wọn. Ohun kan wà tó dára púpọ̀ láti ṣe: kí wọ́n fọ́n ewédú tí wọ́n rì sómi gbígbóná sí apá kan bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fọ́n èyí tí wọn ò rì sí apá kejì. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ náà á lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ajílẹ̀ kò ní kí wọ́n náwó. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ a máa jó ewé, ó gbọ́dọ̀ jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó kan bẹ́ẹ̀dì. Agolo tí wọ́n fi ìṣó lu nídìí tó láti fi bomi rin.

Bí ewédú bá ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, wọ́n á gé e, wọ́n á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kù kó lè tún yọ ẹ̀ka. Níbi irúgbìn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á ká èyí tó dára tán, wọ́n á wá fi èyí tó rán sílẹ̀ pé kó gbó. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n so okùn mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e. Ilá tó bá ti kó, tí ọ̀bẹ kò ràn án mọ́, irúgbìn ló wà nínú rẹ̀ yẹn. Orí tẹ̀tẹ̀ tó gbẹ, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á kó o sínú ìgò tó gbẹ dáadáa. Irúgbìn hybrid inú agolo, ìyẹn èyí tí wọ́n fi oríṣi méjì pa pọ̀ bí, ni kò ṣeé lò báyìí, nítorí èyí tí wọ́n bá gbà lára rẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀.

Nílé tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí wọ́n gé lórí, àpò sìmẹ́ǹtì tàbí garawa tó ti ya gba ata àti ìgbá dáadáa, bí wọ́n bá ti lu ihò sí ìdí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi rọ oògùn apakòkòrò tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ rí kò gbọdọ̀ sí lára wọn. Ewúrẹ́ àti adìyẹ ni ọ̀tá tó kù. Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó ni wọ́n fi ń dá wọn dúró.

Oko ilé-ìwé kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Ó ti wà ṣáájú Operation Feed the Nation, ètò tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ dá sílẹ̀ ní 1976 pé kí gbogbo ènìyàn máa gbin oúnjẹ. Ohun tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ọmọ ni pé wọ́n sọ ọ́ di ìyà: ọmọ tó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń fún ní ọkọ́. Àwọn ọmọ á ro oko, olùkọ́ á di ẹ̀fọ́ lọ sílé. Ọmọ tí wọ́n fi oko jẹ níyà lárọ̀ kò ní dá oko ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má tàn ara yín. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kí ètò yìí ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá ìyà mìíràn fún ẹni tó pẹ́ dé, kí ìdì ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ sì bá àwọn ọmọ tó gbìn ín lọ sílé.

Ó ku ti ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga bá fà, tí ẹ̀fọ́ sì gbówó lórí lọ́jà. Ilé tí kò ní omi tó pọ̀ kò gbọdọ̀ fọ́n ewédú nígbà náà, àṣedànù ni. Ewúro ni tiwọn. Igi rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé gbìn, kò di dandan kí wọ́n fọ́n irúgbìn. Bí wọ́n bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta ní oṣù keje, tó rì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ kò ti ní kún bò wọ́n, wọ́n á ti ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé.