Sáfà ohùn kan, àfikún rẹpẹtẹ: bí a ṣe ń dì í kí èsì rẹ̀ lè bára mu

Orin ń lọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ, ìpè fídíò wọlé, ìró lẹ́tà tuntun tún dún lé e. Ohùn mẹ́ta, sípíkà kan ṣoṣo. Ètò tó ń gba àwọn ohùn yìí jọ, tó ń pò wọ́n pọ̀, tó sì ń darí wọn síbi tí wọ́n máa gbà jáde là ń pè ní sáfà ohùn. Lórí Linux, PulseAudio tí Lennart Poettering bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ló gbajúmọ̀ fún ọdún púpọ̀. PipeWire tí Wim Taymans dá sílẹ̀ ti ń gba ipò yẹn. Fedora 34, ẹ̀dà Linux kan tó jáde ní 2021, ti fi í rọ́pò PulseAudio.

Sáfà ohùn kì í dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Bí o bá fẹ́ fi hẹ́dífóònù Bluetooth gbọ́ orin, ó nílò BlueZ, ètò tó ń darí Bluetooth lórí Linux. Bí o bá fẹ́ kó rí sípíkà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó nílò Avahi, ètò tó ń wá ohun tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò fẹ́ kó lè bá JACK, sáfà ohùn tiwọn, ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó di dandan nínú wọn. Ẹ̀rọ kékeré tí kò ní ojú ìwòran rárá kò nílò X11, ètò tó ń gbé àwòrán sójú ìwòran, kò sì yẹ ká di ẹrù X11 lé e lórí. Ohun tí mò ń pè ní àfikún nìyẹn: iṣẹ́ tí a lè fi kún sáfà náà tàbí kí a yọ ọ́ nígbà tí a bá ń kọ́ ọ (ìyẹn ni, tí a ń sọ kóòdù rẹ̀ di fáìlì tí kọ̀ǹpútà lè lò), tí ìyókù rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

A máa ń sọ pé kíkọ́ sọ́fítíwíà kan ṣe é tún ṣe bákan náà nígbà tí ẹnikẹ́ni tó bá mú kóòdù kan náà, àyíká kan náà àti ìlànà kan náà bá rí fáìlì kan náà, tí bíìtì ẹyọ kan kò yàtọ̀. Kóòdù là ń kà, ṣùgbọ́n fáìlì tí a fi kóòdù kọ́ là ń lò. Bí ẹnì kan bá yọ́ wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, tó sì ti ohun búburú bọ inú fáìlì náà, kíka kóòdù kò ní tú u fó. Àfi kí ẹlòmíràn kọ́ tirẹ̀, kó sì fi wé ti àkọ́kọ́. Láti 2013 ni Debian, ẹ̀dà Linux mìíràn, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo kà á sí iṣẹ́ tó níyì gidigidi, nítorí pé ó ń dáàbò bo àwọn tí kò ní mọ̀ láéláé pé ẹnì kan ṣe é fún wọn.

Nǹkan kéékèèké ló sábà máa ń ba ìbáramu yìí jẹ́. Ọjọ́ àti aago tó wọ inú fáìlì wà lára wọn. SOURCE_DATE_EPOCH, iye ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970, ni a fi ń so aago náà mọ́ ojú kan.

Ti àfikún ló le jù.

Meson, irinṣẹ́ tó ń kọ́ sọ́fítíwíà, ni wọ́n fi ń kọ́ PulseAudio àti PipeWire lónìí. Fún ọ̀pọ̀ àfikún, ó gba ìdáhùn mẹ́ta: enabled, disabled, àti auto. Enabled ní kó wà dandan. Disabled ní kó má wà. Auto ní kí Meson wo àyíká: bó bá rí láíbìrì tí àfikún náà nílò (kóòdù tí ètò mìíràn ń yá lò), kó fi àfikún sí i, bí kò bá rí i, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìmọ̀ràn gidi ni fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó ń kọ́ sọ́fítíwíà kò gbọdọ̀ dá ọgbọ́n tirẹ̀ kún iṣẹ́ tí a rán an. Lábẹ́ auto, ẹni tí BlueZ wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ á kọ́ sáfà tó mọ Bluetooth, ẹni tí kò ní in á kọ́ èyí tí kò mọ̀ ọ́n, ìlànà kan náà sì ni àwọn méjèèjì tẹ̀ lé. Àwọn ará Gentoo, ẹ̀dà Linux kan, tilẹ̀ ní orúkọ fún un: automagic.

Ẹlòmíràn á ní kí a kọ́ ọ nínú yàrá títì, níbi tí kìkì ohun tí a kọ sílẹ̀ lè wọlé, bí Nix àti Guix, àwọn irinṣẹ́ tó ń kọ́ sọ́fítíwíà tó sì ń fi í sórí ẹ̀rọ, ti ń ṣe. Òótọ́ ni pé èsì á bára mu níbẹ̀. Àmọ́ ó lè bára mu kó má tọ̀nà. Bí o bá gbàgbé láti kọ BlueZ sílẹ̀, auto á yọ Bluetooth kúrò láìsọ̀rọ̀, ẹni tó ra hẹ́dífóònù tuntun ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀. Ká ní enabled lo kọ, Meson á dúró lójú ẹsẹ̀, á sì dárúkọ ohun tó ṣe aláìní. Nítorí náà, dáhùn fún àfikún kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nínú Nix, ìdáhùn yẹn di ara ìdánimọ̀ ohun tí a kọ́. Hash, àmì ìdánimọ̀ tí a ṣírò, tó wà nínú orúkọ rẹ̀ lábẹ́ /nix/store wá láti inú gbogbo ohun tó wọlé, nítorí náà pulseaudio àti pulseaudioFull, èyí tí àfikún rẹ̀ pọ̀ jù, kì í ṣe ohun kan náà níbẹ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé wọ́n ya libpulseaudio sọ́tọ̀, láíbìrì tí àwọn ètò mìíràn fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yíyí Bluetooth padà nínú sáfà á sọ gbogbo ètò tó ń lo ohùn di èyí tí a ní láti tún kọ́.

Debian gba ọ̀nà mìíràn. Fáìlì ọ̀tọ̀ tí PulseAudio ń gbé wọlé nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ àfikún rẹ̀, nítorí náà wọ́n lè kọ́ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wá pín wọn sí àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bíi pulseaudio-module-bluetooth. Fún ẹni tó ń pín fáìlì tí a ti kọ́ tán, èyí ni mo fẹ́ràn jù: kíkọ́ kan, èsì kan láti yẹ̀ wò, kí oníkálukú sì mú èyí tó fẹ́.

Bí o bá fẹ́ dán tìrẹ wò, má ṣe kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì sínú yàrá títì kan náà, nítorí auto á dáhùn bákan náà nígbà méjèèjì. Kọ́ ọ lórí ẹ̀rọ méjì tí láíbìrì inú wọn yàtọ̀, kí o sì fi diffoscope, irinṣẹ́ tó ń fi ìyàtọ̀ àárín fáìlì hàn, wé èsì wọn. Bó bá jẹ́ bíi bíìtì mélòó kan ló yàtọ̀, aago ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ odindi module-bluez5-device.so, fáìlì àfikún Bluetooth, ló wà lápá kan tí kò sí lápá kejì, padà sínú ìlànà rẹ, kí o wá ibi tí o kò ti dáhùn.