Kí Ẹni Tó Ń Tọ́ Ọ̀dọ́ Sọ́nà Jókòó Sábẹ́ Igi, Kí Ó sì Pàlọ́

Etí ẹni tó ń bá ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ kì í sinmi. Olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá tọ̀ lẹ́yìn tí iléèwé bá parí, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kóòṣì bọ́ọ̀lù, àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé-Èkìtì: ọ̀rọ̀ oyún ni, ọ̀rọ̀ igbó mímu ni, ọ̀rọ̀ bàbá tó ń lu ìyá ni, ọ̀rọ̀ owó WAEC tí kò sí ni. Wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn gbé, wọ́n á gbé ìyókù relé. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe àárẹ̀ tí wàhálà iṣẹ́ tí kò dáwọ́ dúró máa ń dá síni lára. Àmì mẹ́ta ni wọ́n tọ́ka sí: okun á tán nínú ènìyàn; iṣẹ́ náà á sú u débi tí á fi máa fojú tín-ín-rín wò ó; ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní ká iṣẹ́ náà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn, ohun tó jẹ mọ́ ibi iṣẹ́ ni. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èkejì ló ń bà wá lẹ́rù jù, nítorí ọmọ tó bá sún mọ́ ẹni tí iṣẹ́ ti sú máa ń tètè fura, kì í sì í padà wá.

Ọ̀nà kan wà tí irú àwọn olùtọ́nà wọ̀nyí lè gbà tún ara wọn ṣe, tí kò ná wọn lówó púpọ̀. Wọ́n á jáde lọ síbi tí igi àti koríko wà, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á kó ohun tó wà lọ́kàn wọn sínú àlọ́, wọ́n á pa á fún ara wọn. Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú ohun kan: ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹnu nǹkan mìíràn jáde, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ẹyẹ, kí ó tó gba ẹnu ẹni tó ni ín. Michael White ará Ọsirélíà àti David Epston ará New Zealand, tí wọ́n jọ dá ọ̀nà ìmọ̀ràn tó dá lórí ìtàn sílẹ̀, tẹnu mọ́ ọn pé ènìyàn máa ń rí ìṣòro rẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Àwọn baba wa ti ń fi Ìjàpá ṣe èyí tipẹ́. Ohun tí a kò lè sọ nípa ara wa, a máa ń sọ ọ́ nípa Ìjàpá, ilé á sì gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ibi tí ẹ máa lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ìta ni, Ìkọ́gọ̀sì ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tàbí ìsun omi Àríǹta ní Ìpólé-Ìlórò. Ibi àrímáleèlọ ni méjèèjì, ẹ lọ wò wọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Fún iṣẹ́ yìí, àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò kò ní jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Ariwo omi Àríǹta máa ń bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀, àpáta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì máa ń yọ̀ nígbà òjò. Bí ẹ bá wà ní Ìkéré tí ẹ ń wo òkè Olósùnta, ẹ rántí pé ibi ìbọ ni; ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí ẹ tó kó agbo lọ síbẹ̀. Ibi tó dára jù ni ibi tí ẹ lè padà sí lóṣooṣù láìwọ ọkọ̀: ẹ̀yìn iléèwé tí igi wà, oko ẹni tó fún yín láyè, etí odò kékeré tí kò jìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹnìkan lọ rìn ín wò. Kí ó wò bóyá ìjàlọ ń kọjá, bóyá wèrèpè ti gbó lórí ìtàkùn (irun èso rẹ̀ ló máa ń yúnni), bóyá agbọ́n kọ́lé sí ẹ̀ka, bóyá igi gbígbẹ kan rọ̀ sókè tó lè já lulẹ̀. Ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn wọ̀. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, kí ó má rìn, ẹ má fi abẹ sí i, ẹ má fa á lẹ́nu, ẹ má sì fi okùn dè é pinpin. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ sì ti béèrè ṣáájú èwo ló ní oògùn ejò. Bí ààrá bá ń sán, kò sí jíjókòó sábẹ́ igi kankan. Nítorí èyí, oṣù 11 ló rọrùn jù nílẹ̀ Èkìtì: òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, ọyẹ́ kò tíì le, àwọn àgbẹ̀ kò sì tíì máa dáná sungbó.

Agbo kan kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 8 lọ, pẹ̀lú olùdarí 2. Ẹ má fi ọ̀gá iléèwé àti àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sínú agbo kan náà. Ọmọ Yorùbá kì í ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tó ń bu ọwọ́ lu ìwé ìgbéga rẹ̀. Àlọ́ tó máa pa níbẹ̀, àlọ́ tí yóò tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn ni.

Ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ kó fóònù sínú agbọ̀n kan. Olùdarí kan á mú tirẹ̀ dání nítorí ìjàǹbá. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 20 láìsọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni iwájú má sáré. Tí ẹ bá débẹ̀, kí oníkálukú wá ibi tí yóò jókòó sí, ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 20 sí ẹnìkejì, níbi tí yóò ti gbọ́ fèrè olùdarí. Ìjókòó náà á gba ìṣẹ́jú 20 mìíràn. Ẹ má ní kí wọ́n "ronú nípa ayé wọn". Iṣẹ́ tí ẹ máa fún wọn kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n yan nǹkan kan ṣoṣo tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí wọ́n máa wò ó. Rachel àti Stephen Kaplan, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Michigan, ṣàlàyé pé ọkàn tí a fi tipátipá dè mọ́ iṣẹ́ láti òwúrọ̀ máa ń rẹ̀, àti pé àwọn nǹkan bí ewé tó ń mì àti omi tó ń ṣàn máa ń fa ojú wa mọ́ra wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí èyí tó ti rẹ̀ náà á fi rí àyè sinmi.

Ká ní patanmọ́ ni ẹnìkan yàn, nítorí kò sí ẹ̀bá ọ̀nà tí kò sí níbi. Yóò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú ewé rẹ̀. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ á kọ́kọ́ pa mọ́ra ní méjì-méjì láti ibi tó fọwọ́ kàn lọ. Bí ọwọ́ bá le díẹ̀, igi ewé náà á tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀ á wá yọ síta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kúrò. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó tì í á rí ohun tí ẹni tó ń kọjá kì í rí: láàárín ìṣẹ́jú bíi 10 sí 20, igi ewé náà á tún gbéra sókè díẹ̀díẹ̀, ewé á sì là padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Olùkọ́ tí gbogbo ènìyàn ń fọwọ́ kàn láti aago 7 àárọ̀ á ti máa rí nǹkan níbẹ̀.

Nígbà tí fèrè bá dún, ẹ fún wọn ní ìwé àti bírò fún ìṣẹ́jú 20 láti to àlọ́ wọn. Oríkèé mẹ́rin ló tó: ta ni ó, ibo ló sì ń gbé; kí ni ẹrù tó rù, tàbí kí ni kò ní; kí ló ṣe, ta ló sì pàdé; kí ló yí padà, tàbí kí ni kò yí padà. Lẹ́yìn náà, orin kan, tí ègbè rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Àlọ́ àpagbè ni a fẹ́, nítorí ibi tí agbo bá ti ń gbe orin ni apàlọ́ ti ń rí èémí gbà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ru ẹrù náà. Onípatanmọ́ lè kọ́ wọn pé kí wọ́n máa dáhùn "Pa mọ́, pa mọ́" nígbà tó bá ń kọ "Ta ló tún fọwọ́ kàn mí?" Èdè ìlú rẹ̀ ni kí ó fi pa á: ti Adó, ti Ìjerò, ti Mọ̀bà lápá Ọ̀tùn. Àlọ́ tí wọ́n bá fi èdè ọ́fíìsì pa máa ń dún bí ìròyìn ìpàdé.

Àwọn àgbà kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, ẹ má sì rú u. Ẹ kúrò nínú igbó kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ padà sí àgbàlá tó ní iná, ẹ jẹ ìpápánu. Àgbàdo sísun tàbí ẹ̀pà ti tó. Tí ẹ bá gbé iyán kalẹ̀ ní àkókò yìí, oorun ni yóò gbọ́ àlọ́ yín. Ní oṣù 11, oòrùn máa ń wọ̀ ní bíi aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 15. Ìgbà náà ni "Ààlọ́ o!" yóò bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 fún àlọ́, 3 fún ìdáhùn, 1 fún èémí: ènìyàn 8 á parí ní aago 7 àbọ̀.

Ìdáhùn yìí ló le jù fún wa. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí àlọ́ bá parí, a ó béèrè ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa. Nínú agbo yìí, ẹ gbé ìbéèrè yẹn tì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ ibi tí àlọ́ náà ti mú un, á sì dárúkọ ẹni inú àlọ́, kò ní dárúkọ apàlọ́: "Ibi tí patanmọ́ ti ń dá là padà ló mú mi." Kò sí "ó yẹ kí ẹ̀yin náà", kò sí òwe, kò sí ẹsẹ Bíbélì tàbí ti Kùránì. Bí ìmọ̀ràn bá ti wọlé, apàlọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀, àlọ́ náà á sì di ẹjọ́. Àwọn pásítọ̀ àti àwọn ìyá àgbà ni wọ́n sábà máa ń ṣẹ̀ sí òfin yìí, pẹ̀lú inú rere, kí olùdarí dá wọn dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká dúró lọ́dọ̀ patanmọ́ ná."

Kí apàlọ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ pa á dé: "Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà", pẹ̀lú agogo ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ó. Ẹni tó ti fi ewé sọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ nílò ilẹ̀kùn tí yóò gbà jáde kúrò nínú ewé náà, ìparí yìí sì ni ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ẹni tí kò bá pa á dé máa ń ru àlọ́ rẹ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ àṣírí kò gba àwàdà. Ìlú wa kò tóbi. Àlọ́ nípa àgbọ̀nrín kékeré tó lóyún ní SS2 kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Kí olúkálukú pa tirẹ̀, kí ó má pa ti ọmọ tó fọkàn tán an. Bí ó bá sì hàn nínú àlọ́ pé wọ́n ń ṣe ọmọ kan ní ibi lọ́wọ́lọ́wọ́, kí olùdarí pe apàlọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n jọ gbé e lọ fún àwọn tí òfin yàn. Láti 2011 ni Èkìtì ti ní òfin tó dojú kọ ìwà ipá sí obìnrin àti ọmọdé. Bí ẹnìkan bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kí ó sun ún, kí olùdarí kejì jókòó tì í. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ pé ayé sú òun, iṣẹ́ dókítà nìyẹn.

Kí wọ́n tó tú ká, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "èmi", tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú. "Èmi yóò máa tọ́jú ara mi" kò wúlò. "Láti Ọjọ́ Ajé, èmi kò ní gbé ìpè òbí lẹ́yìn aago 9 alẹ́, àfi ti pàjáwìrì" ṣeé ṣe, ó sì ṣeé wò bóyá ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú lè kọ ohun tó wà lẹ́yìn àlọ́ náà gan-an sílẹ̀ nílé, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lóòjọ́ fún ọjọ́ 4, fún ojú ara rẹ̀ nìkan. Irú kíkọ bẹ́ẹ̀ ni James Pennebaker ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìwádìí lé lórí láti nǹkan bí 1986. Inú lè bàjẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn kíkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ ti sọ ọ́ fún wọn ṣáájú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún pàdé fún wákàtí kan, láìsí àlọ́. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi olúkálukú: ṣé gbólóhùn yẹn dúró, kí ló sì bì í ṣubú bí kò bá dúró? Bí ohun kan náà bá ti bi ti ènìyàn mẹ́ta ṣubú nínú mẹ́jọ, bí àpẹẹrẹ ìpàdé Sátidé tí kì í parí lásìkò, àwọn ènìyàn náà kọ́ ló yẹ kó yí padà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń pe ìpàdé náà.