Rúlà tí kò ní nọ́ńbà, àti kọ́ńpáàsì

Irinṣẹ́ méjì péré ni yíyàwòrán lọ́nà àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà láyè: rúlà tí kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀, àti kọ́ńpáàsì. Rúlà yìí kò mọ sẹ̀ǹtímítà. Kó fa ìlà tó gún láti àmì kan dé èkejì, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Kò sí wíwọ̀n, kò sí fífojú bù ú. Àmì tuntun kò lè yọ, àfi níbi tí ìlà tàbí òbìrìkìtì méjì bá ti pàdé.

Ká ní ìlà kan wà nílẹ̀ láti A dé B, a sì ń wá àárín rẹ̀ gan-an. A ó gún abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sí A, a ó là á kó ju ìdajì ìlà náà lọ, a ó wá yí i po. Láìfọwọ́ kan bó ṣe là, a ó gbé abẹ́rẹ́ lọ sí B, a ó tún yí i po. Àwọn òbìrìkìtì náà yóò pàdé níbi méjì, ọ̀kan lókè ìlà, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí a bá fi rúlà so ibi méjèèjì pọ̀, ibi tí ìlà tuntun ti gba AB kọjá ni àárín, igun 90 dígírì gẹ́lẹ́ ló sì wà níbẹ̀. Ìdí ni pé bí ibi ìpàdé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí A náà ló ṣe jìnnà sí B. Kọ́ńpáàsì tí ìdè rẹ̀ ti dẹ̀ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, torí náà kí a fún un dáadáa ná.

Bí a bá là á kó ṣe déédéé AB, ibi ìpàdé, A àti B yóò di onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Òun ni Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì, fi ṣíde ìwé rẹ̀ lórí jẹ́ọ́mẹ́tìrì ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù.

Pínpín igun sí méjì rọrùn. Sí mẹ́ta ńkọ́? Igun 90 dígírì gbà. Ti 60 kò gbà láéláé. Onímọ̀ ìṣirò kan, Pierre Wantzel, ló fi èyí múlẹ̀ lọ́dún 1837. Gbogbo ìpàdé ìlà àti òbìrìkìtì kò lè fúnni ju ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti gbòǹgbò onílọ́po méjì (bí 3 ṣe jẹ́ gbòǹgbò 9, torí 3 × 3 = 9) lọ, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò onílọ́po mẹ́ta (bí 2 ṣe jẹ́ ti 8, torí 2 × 2 × 2 = 8) ni pínpín igun 60 sí mẹ́ta ń béèrè. Ìdí kan náà ni onígun méje tó dọ́gba kò fi ṣeé yà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé onígun 17 ṣeé yà: Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, rí i lọ́dún 1796, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Rúlà gan-an kò pọn dandan tó bí a ṣe rò. Georg Mohr, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark, fi hàn lọ́dún 1672 pé àmì yòówù tí irinṣẹ́ méjèèjì lè mú jáde, kọ́ńpáàsì nìkan lè mú un jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òbìrìkìtì tí a ó yí yóò pọ̀ sí i.