Bí A Ṣe Ń So Olùrànlọ́wọ́ AI Mọ́ Kátálọ́ọ̀gì Sọ́fítíwíà

Kátálọ́ọ̀gì sọ́fítíwíà ni ibi tí ilé-iṣẹ́ ń kọ gbogbo sọ́fítíwíà tó ń lò sí: kí ni orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ wo ló ni ín, dátábéèsì wo ló ń lò, èwo ló gbára lé e, ṣé ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ àbí ìdánwò ni. Backstage, tí Spotify ṣe tó sì tú kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2020, jẹ́ ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Nínú rẹ̀, fáìlì kékeré kan, catalog-info.yaml, ló máa ń wà pẹ̀lú kóòdù sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan:

apiVersion: backstage.io/v1alpha1
kind: Component
metadata:
  name: isanwo
spec:
  type: service
  lifecycle: production
  owner: group:egbe-isanwo
  dependsOn:
    - resource:databeesi-isanwo

Ẹ fojú sí ìlà owner yẹn, èyí tó ń sọ ẹgbẹ́ tó ni sọ́fítíwíà náà. A ó padà sórí rẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́ AI kò mọ nǹkan kan nínú èyí, torí pé fáìlì ilé-iṣẹ́ yín kò sí nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ bi í pé, "Ta ni kí n pè bí ìsanwó bá dákú?", yóò méfò, ìméfò náà yóò sì dùn létí. Kí a so ó mọ́ kátálọ́ọ̀gì ni pé kí a fún un ní ọ̀nà láti lọ wò ó kó tó dáhùn.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ báyìí ni MCP (Model Context Protocol), ìlànà tí a fi ń so AI mọ́ irinṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ tó wà níta rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Sáfà kékeré kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ìbéèrè tó sì ń dá èsì padà, ló máa ń dúró láàárín AI àti kátálọ́ọ̀gì. Ó ń kéde irinṣẹ́ tó ní: orúkọ irinṣẹ́, àlàyé iṣẹ́ rẹ̀, àti ohun tó yẹ kí a fún un. AI á yan irinṣẹ́, sáfà á lọ béèrè lọ́wọ́ kátálọ́ọ̀gì, á sì gbé èsì padà.

Irinṣẹ́ mẹ́ta tó láti fi bẹ̀rẹ̀: èyí tó ń wá orúkọ, èyí tó ń mú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo wá, àti èyí tó ń sọ ohun tó gbára lé ohun mìíràn. Kíkà nìkan ni kí wọ́n máa ṣe. Àlàyé irinṣẹ́ ni AI fi ń yàn, nítorí náà bí àlàyé méjì bá jọra, yóò máa ṣì wọ́n mú.

Gbogbo èsì ló ń wọ inú ààyè tí AI fi ń ronú, ààyè náà sì ní òpin. Ẹ dá èsì dúró sí 20, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nínú èsì náà pé ó ṣì kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ AI á gbà pé 20 yẹn ni gbogbo rẹ̀.

Àṣìṣe tó léwu jù nìyí: kátálọ́ọ̀gì kò dáhùn lásìkò, sáfà wá dá àkójọ òfìfo padà. AI á sọ fún ẹni tó béèrè pé kò sí ohunkóhun tó gbára lé dátábéèsì yẹn, onítọ̀hún á sì pa á rẹ́. "Mi ò rí i" àti "mi ò lè wò ó" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Sáfà gbọ́dọ̀ sọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má ṣe fi tókìn (kóòdù ìwọlé) kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Àṣẹ ẹni tó ń béèrè ni kí sáfà máa lò, kí AI má baà fi ohun tó pamọ́ han ẹni tí kò yẹ. Òṣìṣẹ́ èyíkéyìí ló sì lè kọ ọ̀rọ̀ sínú àlàyé sọ́fítíwíà. AI lè ka ọ̀rọ̀ yẹn bí àṣẹ. Bó bá di pé ẹ fẹ́ fi irinṣẹ́ tó ń yí nǹkan padà kún un, èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku ìlà owner. Ẹgbẹ́ lè ti túká kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èèyàn tó bá kà á lè fura. AI á kàn sọ ọ́ bí òótọ́. Kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun pọ̀, ẹ kọ àyẹ̀wò tí kò ní gba fáìlì tí owner rẹ̀ kò bá tọ́ka sí ẹgbẹ́ tó wà láàyè.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá tí ẹ mọ ìdáhùn wọn. Ẹ wo irinṣẹ́ tó pè àti ohun tó fi pè é. Ìdáhùn tó tọ̀nà láìpe irinṣẹ́ kankan, ìméfò ni.