Fadá Kọ́ Ló Ń Yan Ẹsẹ Tí Wọ́n Ń Kà Ní Máàsì

Àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà kan wà n'Iléṣà tí wọ́n máa ń fura sí Fadá. Ìjà gbèsè wáyé lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, Ìhìnrere bọ́ sórí gbèsè gan-an. Wọn á ní, "Ta ló lọ rò fún un?" Kò sẹ́ni tó rò fún un. Ètò tó ń yan ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ń kà ní Máàsì ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1969, ẹsẹ tí wọ́n sì kà n'Iléṣà láàárọ̀ yẹn náà ni wọ́n kà ní Róòmù.

Kó tó dìgbà yẹn, ìyípo ọdún kan ṣoṣo ni kíkà Máàsì. Bí ọdún bá ti yí, ẹsẹ èṣí ni wọ́n tún ń gbọ́, apá tó pọ̀ nínú Májẹ̀mú Láéláé kì í sì dé etí àwọn èèyàn rárá. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1963, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù tó péjọ sí Ìpàdé Vatican Kejì ní kí wọ́n ṣí ìṣúra Bíbélì sílẹ̀ fún ìjọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ètò tuntun ti wá.

Ọdún mẹ́ta ni ti ọjọ́ Àìkú fi ń yí po. Ọdún A ni ti Mátíù, B ni ti Máàkù, C ni ti Lúùkù. Jòhánù kò ní ọdún tirẹ̀. Àsìkò Àjíǹde ló ti ń sọ̀rọ̀ jù, ó sì máa ń ran Máàkù lọ́wọ́ lọ́dún B, torí Ìhìnrere Máàkù kúrú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí a wà, kó fi mẹ́ta pín in: bí kò bá ṣẹ́ kù, ọdún C ni. 2025 jẹ́ C, 2026 wá di A. Ṣùgbọ́n ọdún Ìjọ kì í dúró de oṣù Kìn-ín-ní. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2025, tí Ádífẹ́ǹtì, àsìkò ìmúra sílẹ̀ de Kérésìmesì, bẹ̀rẹ̀, ni A ti gorí àlééfà.

Ní àwọn ọjọ́ yòókù nínú ọ̀sẹ̀, Ìhìnrere kì í yí padà láti ọdún dé ọdún. Kíkà kìíní nìkan ló máa ń ní ẹ̀dà méjì, lára àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò bọ́ sí àsìkò pàtàkì kankan: ọ̀kan fún ọdún tó ṣeé pín sí méjì, èkejì fún èyí tí kò ṣeé pín.

Bí wọ́n ṣe so àwọn kíkà ọjọ́ Àìkú pọ̀, láwọn ọ̀sẹ̀ tí kò bọ́ sí àsìkò pàtàkì, ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò. Wọ́n yan kíkà kìíní kó lè kọjú sí Ìhìnrere, Sáàmù sì ń dá kíkà kìíní lóhùn. Kíkà kejì, ìyẹn lẹ́tà àwọn àpọ́sítélì, ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ ní tiẹ̀, láti ibi tó dúró sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oníwàásù tó bá fẹ́ fi tipátipá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ló máa ń ṣìnà.

Ẹ wo ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 2026. Sírákì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìbínú àti ẹ̀san, pé kéèyàn dárí ji aládùúgbò rẹ̀ kó tó máa bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì. (Ẹ má wulẹ̀ wá a nínú Bíbélì Yorùbá tó wọ́pọ̀, ìwé 66 ló wà níbẹ̀, ti Àgùdà jẹ́ 73.) Lẹ́yìn náà ni Mátíù orí 18 dé: ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì. Owó iṣẹ́ òòjọ́ nígbà náà ni denári kan, tálẹ́ńtì kan sì tó nǹkan bíi 6,000 denári. Ẹni náà yóò ṣiṣẹ́ fún 60,000,000 ọjọ́ kó tó lè san án. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fún lọ́rùn jẹ ẹ́ ní 100 denári péré.

Owó oṣù mẹ́ta lé ni 100 denári, kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni lè fojú di. Ìlú tí wọ́n ti ń pe àwọn baba oníṣòwò aṣọ ní Òṣómàáló, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn á fi gbowó wọn, mọ̀ pé ẹni tí a jẹ lówó kò jẹ̀bi nítorí pé ó béèrè. Ibòmíràn ni ẹ̀ṣẹ̀ ìránṣẹ́ yìí wà. Àkókò ló tọrọ lọ́wọ́ ọba: "Ní sùúrù fún mi, n ó san án." Ọba kò fún un ní àkókò, ó pa gbèsè rẹ́ pátápátá. Ohun tí Ìjọ ń pè ní oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn: ó ju ohun tí a tọrọ lọ, kò sì dúró de ìgbà tí a bá tó gbà á. Ìránṣẹ́ náà kò tíì rìn jìnnà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́ bí òun náà ṣe bẹ ọba, àmọ́ etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ.

Ìhìnrere yìí kan náà ti kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta Lẹ́ǹtì, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ yẹn, àdúrà Asaráyà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n jù sínú iná nínú ìwé Dáníẹ́lì, láàárín iná ìléru ló ṣáájú rẹ̀, ojú onígbèsè tó ń bẹ̀bẹ̀ lèèyàn sì fi gbọ́ ọ. Nínú oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn Sírákì, ojú ẹni tí inú ń bí lèèyàn fi ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ronú lórí kíkà ojoojúmọ́ nílé ní láti ka méjèèjì papọ̀ kó tó bi ara rẹ̀ pé ta ni òun jẹ́ nínú ìtàn náà.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14, Ìhìnrere balógun ọ̀rún ló yẹ kó kàn, ṣùgbọ́n ọdún Àgbélébùú Mímọ́ bọ́ sí ọjọ́ náà, àjọ̀dún sì máa ń ti kíkà ọjọ́ lásán sẹ́yìn. Inú Ìwé Nọ́ḿbà ni kíkà kìíní ọjọ́ náà ti wá: ejò ń bu àwọn èèyàn ṣán ní aṣálẹ̀, Mósè gbé ejò idẹ kọ́ sórí òpó, ẹni tí wọ́n ti bù ṣán sì ń wò ó, ó ń yè.