Ìpàtẹ orí Lampião àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀

Lampião ni orúkọ ìnagijẹ Virgulino Ferreira da Silva, olórí àwọn cangaceiro, ìyẹn àwọn adigunjalè inú igbó ẹlẹ́gùn-ún ní sertão, ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl. Ìpínlẹ̀ Pernambuco ni wọ́n ti bí i. Ní 1922 ló di olórí ẹgbẹ́ lẹ́yìn Sinhô Pereira.

Angico

Ní ìdájí ọjọ́ 28 oṣù Keje 1938, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Alagoas tí João Bezerra kó sòdí ká wọn mọ́ Angico, ní ìpínlẹ̀ Sergipe. Àwọn mọ́kànlá ló kú nínú ẹgbẹ́ náà, Lampião àti aya rẹ̀, Maria Bonita, wà lára wọn. Ọlọ́pàá kan pẹ̀lú kú níbẹ̀. Wọ́n bẹ́ orí àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá, wọ́n sì fi ara yòókù sílẹ̀ fún igún. Àwọn kan sọ pé ẹ̀mí ṣì wà lára Maria Bonita nígbà tí wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Àtẹ̀gùn Piranhas

Wọ́n fi iyọ̀ pa àwọn orí náà lára, wọ́n kó wọn sínú agolo karosíìnì tó ní ọtí ìrèké, wọ́n sì ń pàtẹ wọn láti ìlú dé ìlú. Àwòrán tí wọ́n yà ní ìlú Piranhas, ní Alagoas, ló lókìkí jù. Wọ́n to àwọn orí sórí àtẹ̀gùn, ti Lampião wà nísàlẹ̀ pátápátá, ti Maria Bonita tẹ̀ lé e lókè. Fìlà awọ oníràwọ̀, ìbọn, àpò àti ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lampião fúnra rẹ̀ mọ aṣọ rán.

Ọwọ́ àwọn oníṣègùn

Apá yìí ló ṣe pàtàkì jù fún ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn òfin. Ní Maceió, olú-ìlú Alagoas, àwọn dókítà wọn àwọn orí náà, bóyá wọn yóò rí àmì ọ̀daràn lára wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Cesare Lombroso, dókítà ará Ítálì tó ní a máa ń bí ìwà ọ̀daràn mọ́ ènìyàn, ti wí. Orí ènìyàn lásán ni wọ́n rí. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: lẹ́yìn ogun tí ìjọba bá àwọn ará Canudos jà ní Bahia, tó parí ní 1897, wọ́n gbé orí Antônio Conselheiro, oníwàásù tó jẹ́ olórí wọn, wá fún dókítà Nina Rodrigues ní Salvador, olú-ìlú Bahia, òun náà kò rí àbùkù kankan. Nina Rodrigues yìí kan náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Bahia, ẹ̀kọ́ ìran tó rẹlẹ̀ àti ìran tó ga ló sì gbà gbọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a ka ìpàtẹ orí àti ìwádìí lórí àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀.

Ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wọ́n fi orúkọ Nina Rodrigues pè ní Salvador ni orí Lampião àti Maria Bonita padà wà, tí àwọn èrò ń wò wọ́n. Wọ́n pa Corisco, ọ̀kan lára àwọn ẹmẹ̀wà Lampião, ní oṣù Karùn-ún 1940. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó hú u jáde, tí wọ́n gé orí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀ bákan náà. Estácio de Lima, ọ̀gá ilé náà, kò fẹ́ yọ̀ǹda wọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí kò dákẹ́ ẹ̀bẹ̀. Oṣù Kejì 1969 ni wọ́n tó sin wọ́n sí ibi ìsìnkú Quinta dos Lázaros, ní Salvador.